Ẹnì Kan Yege, Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún Sunkún

Ní ọdún 1699, ní ilẹ̀ Ṣáínà, bàbá arúgbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Huang Zhang dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò ní Beijing. Ọmọ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí ni ó ń gbé àtùpà níwájú rẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà sí ara àtùpà náà pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó ń wọ gbọ̀ngàn bọ̀ yìí. Bàbá náà kò wá wòran o. Kò sì wá sin ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìdánwò ni òun fúnra rẹ̀ wá ṣe.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má rò pé àlọ́ ni mo ń pa fún yín. Àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn wọn, wọn kò sì kọ ọ́ bí ohun ẹ̀tẹ́. Àwọn bàbá tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe ìdánwò yìí, débi pé ọba a máa ṣàánú wọn. Bí wọ́n bá féèlì, ọba á fún wọn ní oyè ẹ̀yẹ, kí wọ́n lè rí nǹkan mú lọ sí sàréè.

Ẹni tí ó bá ti dúró rí níwájú pátákó tí wọ́n lẹ èsì ìdánwò mọ́, tí ó ń fi ìka wá nọ́ńbà rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ tí kò rí i, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, eré ọmọdé ni tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ó dára níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹnu àbùkù nìkan ni mo ní. Nǹkan bí ọdún 605, láyé àwọn ọba ìdílé Sui, ni wọ́n sọ pé ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ọmọ ọlọ́lá ni ó ń jẹ oyè ìjọba. Bí bàbá rẹ bá ti jẹ́ ẹni ńlá, ìwọ náà ti di ẹni ńlá kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ìdánwò ni ó yí èyí padà díẹ̀díẹ̀. Ọba ní ẹni tí ó mọ̀wé ni òun ń fẹ́, ìbáà ṣe ọmọ àgbẹ̀. Lóòótọ́, obìnrin kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, wọn kò sì gba ọmọ àwọn òṣèré àti àwọn ìdílé mìíràn tí wọ́n kà sí ẹni yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n fún ayé ìgbà náà, nǹkan ńlá ni.

Nígbà tí ó di ayé ìdílé Song, tí wọ́n gba ìjọba ní 960, wọ́n tún fi ọgbọ́n kún un. Wọ́n á fi bébà lẹ orúkọ ẹni tí ó kọ ìwé pa. Ìyẹn nìkan kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ènìyàn lè dá ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀? Nítorí náà, wọ́n gba àwọn akọ̀wé síṣẹ́ tí yóò da gbogbo ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tí wọ́n dà kọ ni olùyẹ̀wò yóò rí. Láyé àwọn ọba tí ó jẹ kẹ́yìn, íńkì dúdú ni aṣèdánwò fi ń kọ tirẹ̀, pupa ni akọ̀wé fi ń dà á kọ, kí wọ́n má baà pààrọ̀ ọ̀kan fún èkejì. Ta ni yóò rí irú ètò báyìí tí kò ní yìn ín? Èmi yìn ín.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ti wọ́?

Àyè tí kò tó ni. Ìpele mẹ́ta ni ìdánwò náà ní. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣe ní agbègbè olúkúlùkù. Ẹni tí ó bá yege níbẹ̀ di xiucai. Xiucai ti di ẹni iyì. Kò ní bá wọn ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìjọba mọ́, adájọ́ kò sì lè ṣàdédé ní kí wọ́n nà án lẹ́gba. Ṣùgbọ́n kò tíì ríṣẹ́ o! Ìpele kejì ni ti olú-ìlú ẹkùn, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tí ó bá yege di juren. Ìpele kẹta di Beijing, ààfin ọba ni wọ́n ti ń parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá là á já di jinshi, ó di ẹni tí ìlú rẹ̀ yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta.

Àwọn ọba ìdílé Qing jọba láti 1644 títí di 1912. Ìgbà 112 ni wọ́n ṣe ìdánwò jinshi láyé wọn, gbogbo àwọn tí ó sì yege pátápátá lé díẹ̀ ní 26,000. Ní 1850 nìkan, àwọn ènìyàn ilẹ̀ Ṣáínà ti lé ní mílíọ̀nù 400. Láàárín nǹkan bí 1700 sí 1850, iye ènìyàn ti ju ìlọ́po méjì lọ, ṣùgbọ́n iye àyè tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí yóò yege kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tí ó wà. Ìyá ń bí i, bàbá ń rán an nílé ìwé, ilẹ̀kùn kò fẹ̀ sí i.

Ẹ wò ó báyìí. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn bá ń du àyè ọgọ́rùn-ún, olùdánwò kò lè béèrè ohun tí ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ mọ́, nítorí púpọ̀ nínú wọn ni yóò mọ̀ ọ́n. Ohun tí yóò gbé wọn ṣubú ni ó gbọ́dọ̀ máa wá kiri. Ìdánwò tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi wá ọlọ́gbọ́n ti di ajọ̀ tí wọ́n fi ń da ènìyàn nù.

Kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an? Ìwé Mẹ́rin àti Ìwé Márùn-ún, ọ̀rọ̀ Confucius àti ti àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́. Àmì ìkọ̀wé tí ó wà nínú wọn lé ní 400,000. Kíkà kọ́ o, àkọ́sórí ni! Bí ọmọ bá ń kọ́ igba àmì sórí lójoojúmọ́, láìsí ìsinmi, láìsí àìsàn, yóò tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà kí ó tó kà á tán. Lẹ́yìn náà ni yóò tún kọ́ àlàyé tí Zhu Xi ṣe lórí wọn. Ọdún 1200 ni Zhu Xi kú. Láti bí ọdún 1313 ni ìjọba ti sọ pé àlàyé tirẹ̀ ni kí gbogbo ènìyàn máa tẹ̀ lé nínú ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí títí di ayé ọkọ̀ ojú irin. Bí o bá rò ó síbòmíràn, o ti féèlì nìyẹn.

Wọ́n á gbé gbólóhùn kan kalẹ̀ láti inú Ìwé Mẹ́rin, wọ́n á ní kí o kọ àròkọ lé e lórí. Àròkọ náà gbọ́dọ̀ ní apá mẹ́jọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní àròkọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Nínú apá mẹ́rin tí ó jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, gbólóhùn gbọ́dọ̀ máa bá gbólóhùn dọ́gba ní méjì-méjì, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi owó ẹyọ dápàá. O gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Confucius fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́, o kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ohunkóhun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ayé rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju àmì 700 lọ ní ìgbà ìkẹyìn. Lóòótọ́, wọ́n tún ní ìbéèrè lórí ìṣàkóso ìlú, ṣùgbọ́n àwọn olùyẹ̀wò tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ibẹ̀. Àròkọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wò.

Ẹ gbọ́ èyí tí ó panilẹ́rìn-ín. Ìwé Mẹ́rin kò gùn títí láé. Nígbà tí wọ́n ti ń mú ìbéèrè níbẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kò sí gbólóhùn kan tí wọn kò tíì béèrè. Àwọn òǹtẹ̀wé ti tẹ ìdáhùn gbogbo rẹ̀, wọ́n ń tà á lọ́jà. Kí ni kí olùdánwò ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé gbólóhùn! Yóò mú ìrù gbólóhùn kan, yóò mú orí èkejì tí kò bá a tan, yóò so wọ́n pọ̀, yóò ní kí ọmọ ọlọ́mọ kọ àròkọ lé e. Ọ̀mọ̀wé ńlá kan wà tí ń jẹ́ Yu Yue, òun ni alábòójútó ìdánwò ní ẹkùn Henan. Ní 1857 ni wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó ń gé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n ní gégekúgèé. Ìtàn tí àwọn ará Ṣáínà máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé gbólóhùn kan wà nínú ìwé Mencius tí ó ní kí ọba tètè pàṣẹ kí wọ́n dá àwọn arúgbó àti ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó lẹ́rú padà. Ọ̀rọ̀ kan náà tí ó túmọ̀ sí dá padà ni ó tún túmọ̀ sí ọ̀tẹ̀ lédè wọn. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni Yu Yue gé e dé, ni ìbéèrè bá di: Ọba tètè pàṣẹ, ọ̀tẹ̀ dé! Ẹ kọ àròkọ.

Bí orí ṣe ń jìyà nínú àròkọ ni ara náà ń jìyà nínú gbọ̀ngàn. Gbọ̀ngàn ìdánwò Nanjing ni ó tóbi jù. Yàrá tí ó wà níbẹ̀ lé ní 20,000, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹ má rò pé yàrá tí ẹ mọ̀ ni mo wí. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà kan lọ. Ògiri mẹ́ta ni ó ní, iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún òjò àti ẹ̀fọn, kò sí ilẹ̀kùn. Pákó méjì ni wọ́n há sí ògiri. Ní ọ̀sán, o jókòó sórí ọ̀kan, o fi èkejì ṣe tábìlì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, o tẹ́ méjèèjì pọ̀ o ká jọ bí edé sórí rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni wọn yóò tì yín mọ́bẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta àti òru méjì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ni yóò gbé ìkòkò, ìrẹsì, èédú, ẹní àti abẹ́là rẹ wá. Ilé ìgbẹ́ wà ní ìpẹ̀kun ọ̀wọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì ṣe kòńgẹ́ yàrá tí ó gbè é, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi kàwé, òórùn ṣáláńgá ni yóò mú un féèlì.

Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn ńlá, kò sí ẹni tí ó lè ṣí i kí àkókò tó pé. Bí aṣèdánwò bá kú sínú ibẹ̀ ńkọ́? Wọn a máa kú, nítorí àwọn bàbá àgbà pọ̀ nínú wọn. Ẹní ni wọ́n á fi wé òkú náà, wọ́n á sì gbé e gba orí ògiri sọ síta fún àwọn ẹbí rẹ̀. Òfin ni òfin. Nínú gbogbo àwọn tí ń wọ ibẹ̀ láti ẹkùn méjì tí ó ni gbọ̀ngàn náà, àwọn tí wọ́n ń mú kò tó 150.

Níbi tí nǹkan bá ti le tó bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní láti wá màgòmágó lọ jìnnà. Títí di òní, àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pa àwọ̀tẹ́lẹ̀ mọ́ tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kọ odindi ìwé sí, inú àti ẹ̀yìn, lẹ́tà rẹ̀ kéré ju orí eèrà lọ. Nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹni tí ó jókòó kọ gbogbo èyí ti ṣe iṣẹ́ tí ó le ju ìdánwò náà lọ. Ìyà rẹ̀ kò kéré o. Ní 1858, wọ́n já èrú inú ìdánwò ẹkùn Beijing, ọwọ́ sì tẹ olórí àwọn olùdánwò, Bo Jun, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tí ó ga jù ní gbogbo ilẹ̀ náà. Nígbà tí ó di 1859, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Àwa tí a rántí ariwo expo 1977 níbí, ìjókòó ìgbìmọ̀ àti ìwé ìròyìn ni a rí. A kò rí orí ẹnikẹ́ni nílẹ̀.

Ta wá ni ìdánwò náà ń dà nù? Ìbéèrè yìí ni ó jẹ mí lógún jù, nítorí àwọn tí ó yege ti ní òkúta tí a kọ orúkọ wọn sí. Pu Songling jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dà nù. Ní 1658, kò tíì pé ogún ọdún, ó di xiucai, òun ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Gbogbo ènìyàn rò pé òkè ló kù. Láti ìgbà náà lọ, ó ń lọ fún juren, ó ń féèlì, títí irun rẹ̀ fi funfun. Iṣẹ́ tíṣà nílé olówó kan ni ó fi jẹun. Ní 1711, tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n fún un ní oyè kékeré kan nítorí ọjọ́ orí. Ní 1715 ó kú. Ohun tí ó ń ṣe ní òru kò sí nínú ìbéèrè kankan: ó ń kọ ìtàn iwin àti ànjọ̀nnú. Ìwé ìtàn rẹ̀, Liaozhai, ni ayé ń kà lónìí ní èdè oríṣiríṣi. Àwọn olùdánwò tí ó fi í gbolẹ̀, ta ni ó mọ orúkọ wọn?

Pu Songling gbà fún Ọlọ́run, ó ń fi ìtàn pa ìrònú rẹ́. Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Láyé ìdílé Tang, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Huang Chao féèlì, ó di oníṣòwò iyọ̀ tí kò gba àṣẹ ìjọba, ó di ọlọ̀tẹ̀, nígbà tí ó sì di 881, òun ni ó wà nínú ààfin ọba ní Chang'an. Ìjọba Tang kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Kò kọ́ wọn.

Ọdún 1814 ni wọ́n bí Hong Xiuquan, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Guangzhou, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Canton. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé orí ọmọ náà pé, gbogbo ẹbí dáwó jọ, wọ́n rán an nílé ìwé. Ẹ mọ irú rẹ̀: ọmọ kan ṣoṣo tí gbogbo agboolé ń wò bí ẹni ń wo òṣùpá. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó fi kọ́kọ́ lọ fún xiucai, ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ṣe dáadáa ní agbègbè wọn; ní Guangzhou, ó féèlì. Ó di tíṣà abúlé. Ní 1836, ó padà lọ, ó féèlì. Ní 1837, ó tún lọ.

Nígbà tí ó rí i pé orúkọ òun kò sí nínú àwọn tí wọ́n kọ síta ní ìgbà kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ni. Ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó ń bẹ àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n foríji òun, òun kò lè san oore wọn mọ́. Nínú àìsàn náà ni ó ti rí ìran: wọ́n gbé e lọ sí ọ̀run, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ dà bí wúrà fún un ní idà, ó ní kí ó lọ pa àwọn ẹ̀mí èṣù run. Ìwé tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ lẹ́yìn náà sọ pé Confucius wà níbẹ̀, wọ́n bá a wí, wọ́n sì nà án lẹ́gba. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ Confucius sórí, tí wọ́n ń sọ fún un léraléra pé kò mọ̀ ọ́n tó, ṣé irú àlá bẹ́ẹ̀ yà yín lẹ́nu?

Ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ní 1843, ó lọ ní ìgbà kẹrin. Ó féèlì. Ó dé ilé, ó mú ìwé kékeré kan tí oníwàásù kan ti fún un ní Guangzhou láti ọjọ́ pípẹ́, ìwé ìhìn rere tí ọmọ Ṣáínà kan, Liang Fa, kọ. Ó kà á, ó ní àṣé Ọlọ́run ni bàbá onírùngbọ̀n wúrà náà. Jésù ni ẹ̀gbọ́n òun, òun ni àbúrò! Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tí ebi ń pa kò rẹ́rìn-ín. Ní 1851, ó kéde Ìjọba Ọ̀run ti Àlàáfíà Ńlá, Taiping lédè wọn. Ní 1853, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba Nanjing, ó fi í ṣe olú-ìlú. Mílíọ̀nù 20 ènìyàn, ó kéré tán, ni ogun, ebi àti àjàkálẹ̀ àrùn pa kí ọ̀rọ̀ náà tó parí.

Èmi kò sọ pé ìdánwò nìkan ni ó dá ogun náà sílẹ̀. Ebi wà níbẹ̀, òpíọ́mù wà níbẹ̀, ìjọba tí àwọn òyìnbó ti fi ìbọn dójú tì ní 1842 wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti fún tíṣà abúlé yìí ní oyè kékeré tí ó ń wá. Ẹ sì wá wo ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn: nígbà tí Hong jókòó tán ní Nanjing, kí ni ó dá sílẹ̀? Ìdánwò! Bíbélì rẹ̀ àti ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni ó ti mú ìbéèrè.

Ní 1854, tí ọlọ̀tẹ̀ náà ń jọba lọ́wọ́ ní Nanjing, àwọn òyìnbó méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, Northcote àti Trevelyan, gbé ìròyìn jáde pé ìdánwò ni kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa fi gba òṣìṣẹ́. Àwọn kan bú wọn pé àṣà àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n fẹ́ kó wọ̀lú. Ní 1855, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í gba àwọn tí yóò lọ ṣèjọba ní Íńdíà. Ní 1858, Cambridge dá ìdánwò tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, èyí tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ tiwa kí WAEC tó dé ní 1952. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń kígbe ìdánwò lóru, ẹ mọ ibi tí okùn náà ti wá.

Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn fi tiwọn sílẹ̀ ní 1905. Ṣùgbọ́n mo ti sá ṣíwájú ìtàn mi. Ẹ jẹ́ ká padà sí Nanjing.

Ẹni tí ó ṣẹ́gun Hong ni Zeng Guofan, ọmọ ẹkùn Hunan. Òun náà mọ bí ó ti ń dunni. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni bàbá rẹ̀ ṣe ìdánwò xiucai kí ó tó yege ní 1832. Zeng alára gbà á ní 1833, ìgbà keje rẹ̀ nìyẹn. Ìdánwò tí Hong ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ó dá a dúró, òun náà ni Zeng ṣe lẹ́ẹ̀meje. Ọdún 1838 ni ó di jinshi. Nígbà tí ogun dé, tí ọmọ ogun ọba kò lè jà, òun ni ó kó àwọn ọ̀mọ̀wé bíi tirẹ̀ jọ, wọ́n gba àwọn ọmọ abúlé síṣẹ́ ogun. Ìjọba tí kò ní owó lọ́wọ́ sì rí nǹkan tà. Agbègbè tí ó bá dáwó ogun, wọ́n á fi kún iye àyè tí ó ní nínú ìdánwò, títí ayé. Àyè tí kò ṣeé fẹ̀ fún nǹkan bí 150 ọdún wá ṣeé fẹ̀ nígbà tí owó dé.

Hong kú nínú ìlú tí wọ́n sàga tì ní Okúdù 1864. Ní Agẹmọ, àwọn ọmọ ogun Zeng fọ́ odi Nanjing wọlé. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó ẹrù, ààfin Hong jóná kanlẹ̀. Gbọ̀ngàn ìdánwò ńlá náà wà níbẹ̀ nínú ìlú tí ó bàjẹ́, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ìjọba ọba ti ṣe ìdánwò níbẹ̀ kẹ́yìn. Ìlú nílò oúnjẹ, ó nílò afárá, ó nílò òrùlé. Zeng ní kí wọ́n tún gbọ̀ngàn ìdánwò ṣe ná. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà wọlé, wọ́n tún àwọn yàrá kótópó náà mọ, wọ́n há pákó wọn padà.

Ní Ọ̀pẹ 1864, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí ìlú ṣubú, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin, arúgbó àti ọ̀dọ́, tò sẹ́nu ọ̀nà nínú òtútù pẹ̀lú ìkòkò, ìrẹsì àti ẹní lọ́wọ́, wọ́n ń dúró kí wọ́n yẹ ara wọn wò.